Àwọn Àmì Àjèjì Tí Ń Wọ Inú Ìwé Wa

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́

 

Ọ̀rọ̀ tí a ní kí n sọ lónìí kéré lójú, ṣùgbọ́n ó kan orúkọ olúkúlùkù wa. Bí a bá fi kọ̀ǹpútà tẹ ìwé ní èdè Yorùbá, tí a sì fi í ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ìgbà púpọ̀ ni ó máa ń dé ọ̀hún pẹ̀lú àwọn àmì tí ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ sínú rẹ̀: àpótí kéékèèké, àmì ìbéèrè láàárín ọ̀rọ̀, àmì owó òyìnbó nínú orúkọ ènìyàn. Àwọn kan a ní àrùn ni ó wọ inú kọ̀ǹpútà. Àwọn mìíràn a ní èdè wa ni kò bá ẹ̀rọ mu. Àwọn ẹ̀kẹta a ní kí a kúkú yọ gbogbo àmì kúrò, kí ara lè tu gbogbo wa. Kò sí èyí tí ó tọ̀nà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí tí ó kẹ́yìn ni ó sì burú jùlọ, nítorí pé oògùn náà ni ó ń pa aláìsàn.

Ẹ jẹ́ kí a fi àrokò ṣe àpẹẹrẹ. Láyé àwọn baba wa, bí ẹnìkan bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹni tí ó mọ àrokò yóò mọ̀ pé ẹ̀fà ni, pé ọkàn ẹni tí ó rán an ń fà sí òun. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò ka owó ẹyọ mẹ́fà, yóò sì fi í ra iyọ̀. Owó ẹyọ kò yí padà lójú ọ̀nà. Òye ẹni tí ó gbà á ni ó yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kọ̀ǹpútà rí. Kò mọ lẹ́tà. Nọ́ńbà ni ó mọ̀. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tí a bá tẹ̀, nọ́ńbà ni ó fi ń pa á mọ́. Ẹ̀rọ tí ó gba ìwé náà yóò sì yí nọ́ńbà padà sí lẹ́tà gẹ́gẹ́ bí àdéhùn tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí àdéhùn ẹni tí ó kọ ọ́ àti ti ẹni tí ó kà á kò bá dọ́gba, àmì àjèjì dé nìyẹn.

Ní 1963 ni àwọn ará Amẹ́ríkà gbé àdéhùn kan kalẹ̀ tí a ń pè ní ASCII. Àyè 128 péré ni ó ní, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ṣe é fún. Kò sí ẹ, kò sí ọ, kò sí ṣ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan àti ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan fi kún un bí ó ti wù wọ́n, títí ó fi di àyè 256. Nọ́ńbà kan náà a jẹ́ lẹ́tà kan níhìn-ín, a sì jẹ́ òmíràn lọ́hùn-ún. Àwọn ọmọ Yorùbá kan tí wọ́n fẹ́ràn èdè wọn ṣe fọ́ńtì ti ara wọn: wọ́n gba àyè àmì kan tí a kì í sábà lò, wọ́n sì ya ọ sí ibẹ̀. Ìwé wọn a dára lójú kọ̀ǹpútà tí ó ní fọ́ńtì náà. Bí ó bá kúrò níbẹ̀, àmì tí ó ni àyè tẹ́lẹ̀ a padà wá gba ilé rẹ̀.

Ní 1991 ni ẹ̀dà kìíní Unicode jáde, àdéhùn kan ṣoṣo fún gbogbo èdè ayé. Lónìí àmì tí ó wà nínú rẹ̀ ju 150,000 lọ. Ẹ, ọ àti ṣ ní àyè tiwọn níbẹ̀. Kódà àwọn ará Vietnam ń bá wa lo ẹ àti ọ kan náà. Èdè wa kì í ṣe àlejò nínú kọ̀ǹpútà mọ́. Ohun tí ó kù ni kí àwa náà mọ ilé wa.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ká àwa ọmọ Ẹ̀gbá lára ju ẹlòmíràn lọ. Ní Abẹ́òkúta níhìn-ín ni Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn ní 1859, ìwé ìròhìn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá, tí ó wà títí di 1867. Àjàyí Crowther, tí ó wá sí àárín wa ní 1846, ni aṣáájú iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì, èyí tí odindi rẹ̀ parí ní 1884. Ní 1875 ni àwọn CMS ṣe ìpàdé ní Èkó láti fìdí bí a óò ti máa kọ Yorùbá múlẹ̀. Nígbà tí táípúráítà dé tí kò ní àmì wa, akọ̀wé a tẹ ìwé rẹ̀ tán, a tún mú kálàmù, a fi àmì sí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ tiwa ní àmì náà. Àwáwí wo ni ó kù fún wa?

Àmì wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Bí akọ̀wé ẹgbẹ́ bá kọ ọ́ sínú ìwé, láìfi àmì sí i, pé a ra “oko” mẹ́wàá, kí ni ẹni tí ń yẹ ìwé owó wò yóò wá lọ? Ọkọ́ ni, tàbí ọkọ̀? Owó méjèèjì kò dọ́gba. Ti orúkọ tún wá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Mo ti rí ìwé ètò ìsìnkú kan tí àpótí mẹ́ta wà nínú orúkọ olóògbé lójú ìwé àkọ́kọ́, tí kò sí ẹni tí ó rí i títí a fi pín in tán. Òkú kò lè dìde wá tún orúkọ ara rẹ̀ ṣe. Ọmọ-ọmọ tí a bí sí òkè òkun, tí yóò ka ìwé náà ní ogún ọdún sí i, báwo ni yóò ti pe orúkọ baba ńlá rẹ̀?

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a mọ àmì àjèjì kọ̀ọ̀kan àti ìwòsàn rẹ̀.

Èkínní ni àpótí. Bí ẹ bá rí àpótí níbi tí ó yẹ kí lẹ́tà wà, ara ìwé náà le. Fọ́ńtì ni kò ní àwòrán lẹ́tà náà. Ẹ yan ọ̀rọ̀ náà, kí ẹ yí fọ́ńtì padà sí Times New Roman, Noto Sans tàbí Charis SIL. Bí ìwé bá ń lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé, PDF ni kí ẹ fi ránṣẹ́, nítorí ó máa ń gbé fọ́ńtì rẹ̀ dání bí arìnrìn-àjò tí ó di oúnjẹ tirẹ̀.

Èkejì ni kí ọ̀rọ̀ “Ẹ̀gbá” di “áº¸Ì€gbÃ¡”, kí owó àwọn ará Yúróòpù bọ́ sí àárín orúkọ wa. Lẹ́tà náà kò sọnù. UTF-8, ọ̀nà tí a ń gbà pa nọ́ńbà Unicode mọ́, ni a fi kọ ọ́. Àdéhùn àtijọ́ ni a fi ń kà á. Ẹ má ṣe tún un tẹ̀, ẹ má sì fi í pamọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ pa á dé, ẹ tún un ṣí, kí ẹ sì yan UTF-8. Bí ó bá jẹ́ orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ nínú Excel, ẹ má ṣe tẹ fáìlì CSV lẹ́ẹ̀mejì láti ṣí i. Inú Data ni kí ẹ gbà, ní From Text/CSV, kí ẹ yan 65001.

Ẹ̀kẹta ni àmì ìbéèrè, bí “??gbá”. Èyí ni ikú lẹ́tà. Ẹ̀rọ wá àyè fún un nínú àdéhùn tóóró, kò rí i, ó sì fi àmì ìbéèrè rọ́pò rẹ̀. Kò sí ìwòsàn, àfi kí a padà sí ìwé àkọ́kọ́. Ìdí nìyí tí a kò gbọdọ̀ fi pa ìwé àkọ́kọ́ rẹ́ láé.

Ẹ̀kẹrin ni àmì ohùn tí ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà rẹ̀. Ẹ ní nọ́ńbà, àmì ohùn náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Méjèèjì ni a ń so pọ̀. Fọ́ńtì tí kò dára kì í lè so wọ́n. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé àwọn kan ń fi ilà kékeré sí abẹ́ lẹ́tà dípò ẹ̀ẹ̀kán. Ojú lè má mọ ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n, bí a bá sì wá orúkọ, kò ní rí i. Ẹ jẹ́ kí gbogbo wa máa lo ẹ̀ẹ̀kán.

Ẹ̀karùn-ún kì í ṣe àrùn rárá. Bí ¶ àti ẹ̀ẹ̀kán bá hàn láàárín ọ̀rọ̀ nínú Word, àmì ìṣètò ni wọ́n, wọn kì í jáde lórí ìwé. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti 8 pọ̀, wọn yóò lọ. Ilà pupa abẹ́ ọ̀rọ̀ náà kò túmọ̀ sí pé a ṣì í kọ. Àlejò ní ojú, kò fi ríran: kọ̀ǹpútà kò mọ ọ̀rọ̀ wa ni.

Kọ̀ǹpútà Windows ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá tí a lè yàn, Gboard orí fóònù sì ní i pẹ̀lú. Ẹni tí kò ní i lè tẹ 1EB9 nínú Word, kí ó tẹ Alt àti X pọ̀, yóò sì di ẹ. 1ECD ni ti ọ, 1E63 ni ti ṣ, 0301 ni ti àmì òkè, 0300 ni ti àmì ìsàlẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ méjì ni mo fi parí ọ̀rọ̀. Kí ìgbìmọ̀ ìwé ẹgbẹ́ kí ó máa fi orúkọ ránṣẹ́ sí àwọn tí ó ni í fún àyẹ̀wò kí a tó tẹ̀ ẹ́. Kí ẹ̀yin tí ẹ wà ní ẹ̀yìn odi sì máa kọ orúkọ yín sí wa pẹ̀lú àmì rẹ̀ pípé, kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi dandan yọ ọ́ kúrò. Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. A kì í sì í fi àpótí dí i.