Ìrìn-àjò Kúkúrú láti Igbóbì dé Ṣómólú
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú Ẹgbẹ́ ní ìpàdé oṣù)

 Akọ̀wé wa ni ó ní kí a wá sọ ohun tí ojú wa rí ní àìpẹ́ yìí, nígbà tí àwa àti ọ̀rẹ́ wa àtijọ́ kan jọ rin ìrìn-àjò kúkúrú nínú ọkọ̀. Ìrìn-àjò náà kò jìnnà rárá. Ẹni tí ara rẹ̀ le lè fi ẹsẹ̀ rìn ín láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ti inú rẹ̀ jáde kò jẹ́ kí a sùn dáadáa ní òru ọjọ́ náà, ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi gbé e wá síwájú yín.

Àwa àti ọ̀rẹ́ wa yìí jọ kàwé ní Yunifásítì Ìbàdàn. Yàrá kan náà ni a gbé, ìkòkò kan náà ni a sì fi ń se ẹ̀wà. Nígbà tí a jáde, àwa gba ọ̀nà iṣẹ́ olùkọ́ àti iṣẹ́ Olúwa, òun gba ọ̀nà òkè òkun. Ó lé ní ogún ọdún tí ó ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù kí ó tó tún fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ wa. Ó mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kan lọ́wọ́, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí a bí sí ọ̀hún. Ọmọ náà gbọ́n, ó sì ní ìwà. Bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ pé kí ó dọ̀bálẹ̀ fún àgbà, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ṣùgbọ́n nígbà tí a súre fún un, kò mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun ṣe Àmín, nítorí kò gbọ́ ohun tí a wí.

Èrò wa ni pé kí a mú wọn lọ sí Abẹ́òkúta, kí wọ́n lọ gun Olúmọ. Àfẹ̀mọ́jú ni a gbéra ní Igbóbì, ṣùgbọ́n nígbà tí a bọ́ sí ọ̀nà Ìkòròdú, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ti dí i pa. Wákàtí kan àti ààbọ̀ kọjá, a kò tí ì kúrò ní àyíká Fádèyí. Ọ̀rẹ́ wa rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ìwọ Àlùfáà yìí, ṣé Olúmọ ni yóò wá bá wa níhìn-ín ni?” Ni a bá yí ọkọ̀ padà. A ní, “Nígbà tí ọ̀nà jíjìn ti kọ̀ fún wa, ẹ jẹ́ kí a wo ti ìtòsí.” Ó dáhùn pé, “Kí ni ó wà ní Igbóbì àti Bàrígà tí ènìyàn ń wò? Ṣebí ibi tí a ń gbà kọjá ni.” Ọ̀rọ̀ náà dùn wá, nítorí pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń gbé ibẹ̀ pàápàá ti ń wí.

Ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa tú Igbóbì sí igbó obì. Lónìí, kò sí igbó, kò sì sí obì níbẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n orúkọ náà ti gba ìtumọ̀ mìíràn lẹ́nu wa. Bí a bá sọ fún ọ pé wọ́n ti gbé lágbájá lọ sí Igbóbì, o kò ní béèrè ohun tí ó ṣe é: o ti mọ̀ pé egungun rẹ̀ ni ó dá. Iwájú ilé ìwòsàn egungun yìí ni a kọ́kọ́ dúró sí. Ọdún 1945 ni a dá a sílẹ̀, ní ọdún tí Ogun Àgbáyé Kejì parí, láti máa tọ́jú àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́. Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tí ó lọ jà ní Bọ́mà kò kéré. Àwọn mìíràn kò bọ̀, àwọn mìíràn bọ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan.

Ọmọ náà fi èdè Gẹ̀ẹ́sì béèrè pé, “Ṣé àwọn òyìnbó ni ó kọ́ ọ?” A ní, “Òyìnbó ni ó ń ṣe ìjọba nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí a gé, ẹsẹ̀ ta ni?” Ó dákẹ́, ó ń wo ẹnubodè náà.

Láti ibẹ̀ a yà sí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Igbóbì. Ní 1932 ni ìjọ Mẹ́tọ́díìsì àti ìjọ Áńgílíkà pa ọwọ́ pọ̀ dá a sílẹ̀. Ìjọ méjì tí olúkúlùkù ti ní ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ ní Èkó, tí olúkúlùkù sì lè máa bá tirẹ̀ lọ, ni ó gbà pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Nínú ọgbà yìí ni Taslim Olawale Elias, ọmọ Mùsùlùmí, ti kàwé, ẹni tí ó di Adájọ́ Àgbà ilẹ̀ Nàìjíríà, tí ó sì di Ààrẹ Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé ní ìlú Hague. Àwọn oníjọ tí ó kọ́ ilé náà kò ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ ẹlẹ́sìn mìíràn. Ẹ̀kọ́ ni èyí jẹ́ fún àwa tí a ń pín ara wa sí yẹ́lẹyẹ̀lẹ lónìí.

Nígbà tí a dé Yábàá, ọ̀rẹ́ wa fẹ́ kí a kọjá, a ní kí ó dúró. A bi í pé, “Níbo ni a ti bí Yunifásítì wa?” Ó ní, “Ìbàdàn ni.” A ní, “Ìbàdàn ni a ti tọ́ ọ. Yábàá ni a ti bí i.” Ilé Ẹ̀kọ́ Gíga Yábàá bẹ̀rẹ̀ ní 1932, ìjọba sì ṣí i ní gbangba ní 1934. Ìwé ẹ̀rí tí ó ń fún ni kò tó ti yunifásítì. Olùrànlọ́wọ́ òyìnbó ni ó ń sọ ènìyàn dà, kì í sọ ni di ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀ràn yìí bí àwọn ọ̀dọ́ Èkó nínú. Ní 1934 náà ni Ernest Ikoli, J. C. Vaughan, H. O. Davies àti Samuel Akinsanya dá Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́ Èkó sílẹ̀, èyí tí ó di Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́ Nàìjíríà ní 1936. Ní 1948 ni akẹ́kọ̀ọ́ 104 ṣí kúrò ní Yábàá lọ bẹ̀rẹ̀ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì ní Ìbàdàn. Ọ̀rẹ́ wa mi orí, ó ní òun lo ọdún mẹ́rin ní Ìbàdàn, ẹnikẹ́ni kò sọ èyí fún òun. Ojú ti àwa náà, nítorí olùkọ́ ni wá, a kò sì tí ì mú akẹ́kọ̀ọ́ wa kan ṣoṣo dé ibẹ̀ rí.

A gba Àkọkà lọ sí Bàrígà, a sì dúró níwájú CMS Grammar School. Òun ni ilé ẹ̀kọ́ girama àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 6 oṣù Okúdù, 1859, ni Àlùfáà Thomas Babington Macaulay ṣí i ní Èkó pẹ̀lú ọmọ mẹ́fà péré. Ọmọ Yorùbá tí a bí ní Sàró ni Macaulay, ọkọ ọmọ Ajayi Crowther, òun sì ni bàbá Herbert Macaulay tí gbogbo yín mọ̀. Ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi nì, J. P. L. Davies, ni ó fi àádọ́ta pọ́n-ùn sílẹ̀ láti fi ra ìwé àti ohun èlò. Lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún, ní 1959, ni ilé ẹ̀kọ́ náà ṣí wá sí Bàrígà. A yíjú sí ọmọ náà, a ní, “O bi wá ní àárọ̀ bóyá òyìnbó ni ó ṣe gbogbo rẹ̀. Èyí ńkọ́? Yorùbá ni ó ṣí i, Yorùbá ni ó fi owó sí i.”

A sọ̀kalẹ̀ dé etí ọ̀sà ní Ìlàjẹ. Afárá Third Mainland, tí a ṣí tán ní 1990, tí gígùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà méjìlá, nà lọ gbọọrọ lójú omi níwájú wa. Nísàlẹ̀ ni àwọn apẹja àti àwọn awayanrìn wà nínú ọkọ̀ wọn. Ọkùnrin kan bọ́ sómi, ó pẹ́ kí ó tó yọrí, garawa iyanrìn sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ wa wí pé, “Mo ti gba orí afárá yìí kọjá láìníye kí n tó rìn, n kò wo ìsàlẹ̀ rí.” Bẹ́ẹ̀, irú iyanrìn yìí ni a fi ń mọ ilé ńláńlá tí àlejò ń wá wò ní Èkó.

Ibi tí a parí sí ni Ṣómólú, ìlú àwọn atẹ̀wé. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé òpópónà wà níbẹ̀ tí a kì í gbọ́ ohun mìíràn ju ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lọ. A wọ ilé atẹ̀wé kan. Ọ̀gá ibẹ̀ dìde, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin Bàbá.” Wọ́n ń tẹ ìwé ètò ìsìnkú ìyá àgbà kan lọ́wọ́. Láti èèpo dé èèpo, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni. Ẹsẹ ìdárò kan ṣoṣo ni ó wà ní Yorùbá, kò sì ní àmì kan lórí. Ọmọ náà yọ̀ pé òun rí ohun tí òun lè gbìyànjú. Ó ka ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, *Iya wa*, sókè, ó pè é ní “Ìyà wa.” Bàbá rẹ̀ pariwo pé, “Ìyá ni, kì í ṣe ìyà!” Ọmọ náà wò wá, ó ní, “Ọ̀nà kan náà ni wọ́n fi kọ méjèèjì. Báwo ni n ó ti mọ̀?”

Ẹnikẹ́ni nínú wa kò rí èsì fún un. A yíjú sí ọ̀gá atẹ̀wé, a fẹ́ bá a wí. Ó wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, “Ẹ má bínú, Bàbá. Ohun tí ẹ bá kọ wá fún wa ni a ń tẹ̀.”

Ẹ̀yin Olóyè, ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí ni kò jẹ́ kí a sùn. Ọkùnrin náà kò purọ́. Ẹ̀rọ rẹ̀ lè tẹ àmì. Àwa ni a kò kọ àmì fún un. A sì jẹ́wọ́ níwájú yín pé ìwé ìsìn tí àwa fúnra wa fi ránṣẹ́ sí atẹ̀wé ní ọdún tí ó kọjá kò ní àmì, nítorí pé a ń kánjú. Ní 1859, ọdún tí Macaulay ṣí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, ni Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta, ní èdè wa. Ní 1875, Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó ní Èkó láti fi ẹnu kò lórí bí a ó ti máa kọ Yorùbá. Ní 1884, odindi Bíbélì wà ní Yorùbá. Àwọn wọ̀nyí kò ní iná mànàmáná, wọn kò ní ẹ̀rọ tí ó yá bí ti Ṣómólú. Àwa tí a ní gbogbo rẹ̀ ni a ń tẹ ìyá wa bí ẹni ń tẹ ìyà.

Ohun mẹ́ta ni a ń bẹ̀ yín. Èkíní, kí ìwé ìsìnkú, ìgbéyàwó àti ìwúyè tí ó bá ti ilé ọmọ Ẹgbẹ́ yìí jáde ní Yorùbá tí ó péye nínú, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni kò bá mọ̀ ọ́n kọ, kí ó mú un tọ̀ wá wá. A ó kọ ọ́ láìgba kọ́bọ̀. Èkejì, kí ẹ̀yin Olóyè jẹ́ kí a kọ ìtàn Bàrígà, Igbóbì àti Ṣómólú láti ẹnu yín nígbà tí ẹ wà láàyè, kí a sì tẹ̀ ẹ́ ní Ṣómólú níbẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí olùkọ́ tí ó wà nínú wa mú àwọn ọmọ rẹ̀ rin ọ̀nà tí a rìn yìí lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Àwa ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tiwa.

Ọ̀rẹ́ wa àti ọmọ rẹ̀ ti padà sí Lọ́ńdọ̀nù. Kí wọ́n tó lọ, ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ fún wa, a sì súre fún un. Lọ́tẹ̀ yìí, ó wo ẹnu bàbá rẹ̀, ó dúró títí a fi parí, ó sì ṣe Àmín. Kò tíì gbọ́ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti mọ ibi tí ìre náà parí sí. Kí Olúwa má jẹ́ kí ó parí mọ́ wa lọ́wọ́.