Ohun Tó Ń Wọ́ Nínú Àpótí Ẹja: Ẹ Mọ̀ Ọ́n Kí Ẹ Tó Bu Òògùn Sí I

Ọ̀rọ̀ tòní kò kan oúnjẹ ẹja, kò sì kan iye tí wọ́n ń ta ọmọ ẹja. Ó kan ohun kan tó ń yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́, tí ẹnikẹ́ni kò rà, tí a kàn jí rí nínú omi ẹja lọ́jọ́ kan.

Bàbá kan wà ní Ajégúnlẹ̀, ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni. Ó ní táńkì kòǹkéré lẹ́yìnkùlé tó fi ń sin ẹja àrọ̀ tó ń tà, ó sì ní àpótí gíláàsì ní pálọ̀, tí ẹja wẹẹrẹ aláràbarà ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀ fún ẹwà ilé. Nígbà tó ń bọ̀ láti ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, ó rí ojú oró lójú omi, ó wù ú, ó kó díẹ̀ sínú ọ̀rá, ó sì dà á sínú àpótí náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò tíì pé tí ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin fi ké sí i pé, "Bàbá àgbà, ẹ wá wò ó o! Ìgbín tí kò ní ìkarahun wà nínú omi ẹja yín!"

Bàbá bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ó dúdú, kò gùn ju èékánná lọ, ó ń wọ́ lára gíláàsì. Ojú ẹsẹ̀ ló lọ mú ìgò òògùn ẹ̀fọn. Ìyàwó rẹ̀ ló dá a dúró: "Bàbá wọn, ṣé abọ́ tí ẹ fi ń bu omi ibí yìí kọ́ lẹ fi ń bu ti táńkì ẹ̀yìn?" Bàbá gbé ìgò sílẹ̀, ó ránṣẹ́ sí wa. Màmá yẹn gba ẹja là lọ́jọ́ náà, ó sì ṣeé ṣe kó gba àwọn tí yóò ra ẹja náà jẹ là pẹ̀lú. Òògùn apakòkòrò kì í yan ẹni tó ń pa. Ìdí abájọ nìyẹn tí ìjọba fi fòfin de Gamalin tí àwọn kan ń dà sódò láti fi pa ẹja.

Ẹ jẹ́ ká tún ọ̀rọ̀ ọmọ náà ṣe díẹ̀. Ìgbín tí kò ní ìkarahun, orí ilẹ̀ àti inú òkun ló ń gbé. Nínú omi tí kò níyọ̀, ó ṣọ̀wọ́n gidigidi. Púpọ̀ nínú àwọn díẹ̀ tó wà níbẹ̀, inú odò àwọn erékùṣù òkun Pàsífíìkì ni a ti mọ̀ wọ́n. Nítorí náà, ohun tí ẹ bá rí nínú omi ẹja yín l'Ékòó, nǹkan mìíràn ni.

Ti bàbá yìí, eṣúṣú ni. Bí ẹ bá fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan eṣúṣú, yóò sún kì, yóò di róbótó bí ẹ̀wà. Bó bá fẹ́ rìn, yóò fi ẹnu di gíláàsì mú, yóò fa ìdí sún mọ́ ọn, yóò tún na ẹnu síwájú, bí ẹni tó ń fi ìka wọn aṣọ lọ́jà. Ìlà yíká yíká wà lára rẹ̀ bíi ti ekòló. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé gbogbo eṣúṣú ló ń mu ẹ̀jẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Púpọ̀ nínú wọn, ìgbín omi kéékèèké àti ekòló ni wọ́n ń jẹ. Nígbà tí a mú ti bàbá sínú ìgò, a rí àwọn ọmọ wẹẹrẹ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn níkùn. Irú èyí tó ń gbé ọmọ kiri bẹ́ẹ̀ wà nínú àwọn tó ń jẹ ìgbín, ó sì wà nínú àwọn tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ẹja àrọ̀. Ara ẹja ni kí ẹ yẹ̀ wò. Bí ẹ bá rí àpá pupa róbótó níkùn, létí ẹnu tàbí lẹ́bàá ìjàgbà, tí ẹja ń ha ara mọ́ ògiri, tí ìjàgbà rẹ̀ sì funfun ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ mọ̀ pé ó ti ń mu ẹ̀jẹ̀ wọn nìyẹn.

Òmíràn wà tó pẹlẹbẹ, tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn, tí orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó pẹ̀lú ojú méjì kín-ń-kín. Òun kì í sún kì kó tó rìn, ńṣe ló ń yọ̀ lọ geere. Bí ẹ bá gé e sí méjì, yóò di méjì, nítorí náà ẹ má wulẹ̀ gé e. Oúnjẹ tó pọ̀ jù nísàlẹ̀ omi ló ń mú un bí sí i. Ẹ dín oúnjẹ kù, ẹ fa ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ jáde, yóò dín kù fúnra rẹ̀.

Ohun tó bà mí lẹ́rù nílé bàbá, kì í ṣe eṣúṣú rárá. Nígbà tí a yí ojú oró náà padà, a bá ìgbín omi wẹẹrẹ mẹ́rin ní gbòǹgbò rẹ̀, bí èso ilá ni wọ́n tóbi mọ. Bí ẹ bá gbé irú ìgbín bẹ́ẹ̀ dúró, kí ṣóńṣó rẹ̀ wà lókè, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí yín, tí ẹnu náà bá wà lápá òsì, ẹ ṣọ́ra. Òmíràn pẹlẹbẹ, ó ká bí òṣùká. Kì í ṣe gbogbo ẹlẹ́nu-òsì ló léwu, ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Nínú wọn ni àwọn tó ń gbé aràn àtọ̀sí ajá wà.

Ní 1851 ni dókítà ará Jámánì kan, Theodor Bilharz, rí aràn náà nínú òkú ènìyàn ní ìlú Cairo. Ní 1915 ni Robert Leiper fi hàn, ní Íjíbítì kan náà, pé inú ìgbín omi ló ń gbà kó tó dé ara wa. Ẹni tó ní i yóò tọ̀ sómi. Ẹyin inú ìtọ̀ yóò pa. Ọmọ aràn yóò wá ìgbín wọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, yóò máa jáde ní ọgọọgọ́rùn-ún lójúmọ́, yóò sì gba awọ ara ẹni tó bá fọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ bọ omi náà wọlé. Ibi iṣan ẹ̀jẹ̀ tó yí àpò ìtọ̀ ká ló ń fi ṣe ilé. Ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn tó ń gbé lẹ́bàá ìdídò Ọyán ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí wọ́n ṣí ní 1983, mọ̀ ọ́n dunjú.

Ẹ̀yin ará Apápá lè sọ pé omi ọ̀sà tiyín níyọ̀. Òótọ́ ni, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn omi òkun máa ń wọlé, irú ìgbín yìí kò sì lè gbé inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà òjò iyọ̀ náà máa ń dín kù púpọ̀, omi tó dúró sẹ́yìn ilé kò sì níyọ̀ rárá. L'Ájégúnlẹ̀, tí ilẹ̀ ti lọ sílẹ̀, omi gọ́tà lè wọ táńkì lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹ gbé ẹnu táńkì yín ga.

Ní ti ohun tó yẹ ní ṣíṣe: ẹ má fi ọwọ́ lásán mú ìgbín omi tàbí eṣúṣú, ẹ lo ìbọ̀wọ́ rọ́bà tàbí àsẹ́. Bí eṣúṣú bá di ọwọ́ yín mú, ẹ má fà á já. Ẹ fi èékánná ti ẹnu rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò tú, kí ẹ wá fi ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀. Ewé omi tí ẹ bá kó wálé, ẹ fi í sínú garawa ọ̀tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò. Kó sàn jù, ẹ má kó o rárá. Bí ọmọ ẹja bá wá láti odò, garawa ọ̀tọ̀ ni tiwọn náà. Táńkì tó bá ti ní eṣúṣú, ẹ kó ẹja kúrò, ẹ gbọ̀n ọ́n gbẹ, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ògiri, kí oòrùn pa á fún ọjọ́ púpọ̀. Ẹ má da omi náà sí gọ́tà kí ó má lọ bá ẹlòmíràn; ilẹ̀ gbígbẹ ni kí ẹ dà á sí. Bí ẹ bá fẹ́ fi iyọ̀ wẹ ẹja, ẹ béèrè ìwọ̀n lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tó ń tọ́ àgbẹ̀ sọ́nà ládùúgbò yín; iyọ̀ àpọ̀jù ń pa ẹja àrọ̀ kéékèèké. Kí ẹ sì mú ohun tí ẹ rí lọ fún un nínú ìgò, pẹ̀lú omi díẹ̀.

Bàbá ti sá ojú oró rẹ̀ sóòrùn, ó sì ti sun ún. Ó fi omi gbígbóná fọ òkúta wẹẹrẹ inú àpótí. Ẹja pálọ̀ wà nínú garawa, ara wọn le. Abọ́ méjì ló ń lò báyìí, ọ̀kan pupa, ọ̀kan funfun, màmá ló rà wọ́n.

Ti ọmọ náà ló kù. Ojoojúmọ́ ló ń tọwọ́ bọ omi yẹn láti fún ẹja lóúnjẹ. A kò ní kí wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò lọ́jọ́ kejì, nítorí ẹyin aràn kì í tètè hàn. Ó ń gbà tó oṣù méjì sí mẹ́ta. Àárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán ni kí a gba ìtọ̀ náà, ìgbà yẹn ni ẹyin máa ń pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá rí i, oògùn wà, prasikuántẹ̀lì ni wọ́n ń pè é, ó sì ń ṣiṣẹ́. Bàbá ti fi bírò yí ọjọ́ náà ká lórí kàlẹ́ńdà ẹ̀yìn ilẹ̀kùn rẹ̀.