Iná Àtijọ́, Oúnjẹ Òní

 

Bí a bá bi ọmọ Yorùbá tí a bí sí Jos léèrè ohun tó mọ̀ nípa ilẹ̀ Plateau, òtútù àti rògbòdìyàn 2001 ló sábà máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Òótọ́ ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n ìtàn ilẹ̀ tó ń bọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọdún Àjíǹde 2022, èmi àti ìyàwó mi kó àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ wa sínú bọ́ọ̀sì kan. A gba Bukuru àti Mararaban Jama'a dé Mangu, a kọjá Panyam, ó di Kerang. Ẹni tó bá ti rí àpáta Riyom, tí òkúta ràbàtà to léra wọn, yóò rí i pé ti Kerang yàtọ̀. Òkúta ibẹ̀ dúdú, òmíràn fúyẹ́, ihò wẹ́wẹ́ sì kún ara rẹ̀. Orí àwọn òkè mìíràn jin kòtò bí abọ́. Irú kòtò bẹ́ẹ̀ ní Pidong ti gba omi, ó ti di adágún.

Iná ló ṣe é. Ní nǹkan bíi mílíọ̀nù kan sí méjì ọdún sẹ́yìn, òkúta tó yọ́ nínú ilẹ̀ tú jáde, ó ṣàn bí ẹ̀kọ gbígbóná, ó sì bo àwọn odò àtijọ́ mọ́lẹ̀. Ó bo tánńganran pẹ̀lú láwọn ibì kan, tó fi jẹ́ pé àwọn òyìnbó oníkùsà ní láti wá a lábẹ́ òkúta dúdú náà. Iṣẹ́ tánńganran yìí, àti reluwé tó gba Kafanchan dé Jos ní 1927, ló fa ọ̀pọ̀ bàbá wa wá síhìn-ín.

Ọmọ-ọmọ mi obìnrin bi mí pé, "Bàbá àgbà, ṣé iná náà kò ní padà wá?" Mo ní kò sí àkọsílẹ̀ pé òkè kankan yọ iná rí ní Nàìjíríà. Òkè Cameroon ló sún mọ́ wa tó ṣì ń yọ ọ́. Ní 1999, òkúta yíyọ́ rẹ̀ gé ọ̀nà mọ́tò létí òkun.

Nígbà tí òkúta iná bá jẹrà tán, ilẹ̀ ọlọ́ràá ló ń dà. Ìdí nìyẹn tí ànàmọ́ òyìnbó àti àgbàdo fi ń ṣe dáadáa níbẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ń ṣa òkúta náà kúrò lóko, wọ́n sì ń fi í mọ ọgbà. Omi ìsun Kerang pẹ̀lú, wọ́n ti rọ ọ́ sínú ìgò tà káàkiri Nàìjíríà.

Nígbà tí a ń bọ̀, ìyá kan ní Mangu ta ànàmọ́ fún ìyàwó mi, ó sì fi ẹ̀kúnwọ́ méjì ṣe èènì fún àwọn ọmọ. Ní 2023, ìpànìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Mangu. Ní January 2024 ó tún bẹ́, ìjọba sì kéde kónílé-ó-gbélé. Títí dòní, n kò mọ ibi tí ìyá náà wà. Nígbà tí rédíò dárúkọ Mangu, ọmọ-ọmọ mi ló kọ́kọ́ bèèrè pé, "Ìyá eléènì ńkọ́?" Kò sí ọmọ mìíràn ládùúgbò wa tó ní ẹni tí yóò bèèrè.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹgbẹ́ nìyí: nígbà tí ọ̀nà bá tòrò, ẹ jẹ́ ká máa háyà bọ́ọ̀sì fún àwọn ọmọ wa lọ́dọọdún. Kí wọ́n fọwọ́ kan òkúta náà, kí wọ́n sì kí àwọn tó ń ro ilẹ̀ rẹ̀.

 Kí Ọlọ́run fún ilẹ̀ Plateau ní àlàáfíà.