Yíyan Olùrànlọ́wọ́ Nígbà tí Nọ́ọ̀sì Kò Tó

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ yìí kan gbogbo ẹni tí ó bá ti gbé aláìsàn dé ilé-ìwòsàn ní òru rí. Ẹ jẹ́ kí ó bẹ̀rẹ̀ láti Gumani, àdúgbò kan ní ìlú Tàmàlé, ní apá àríwá ilẹ̀ Gánà. Orúkọ Tàmàlé kò ṣàjèjì sí ọ̀pọ̀ ìdílé ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ṣakí àti ní Ìgbòho, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn baba wọn ti ṣòwò. Bí aboyún bá ń rọbí ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì gbé e dé ilé-ìwòsàn kékeré ní òru, kì í ṣe dókítà ni yóò kọ́kọ́ rí. Nọ́ọ̀sì tàbí agbẹ̀bí ni yóò ṣí ilẹ̀kùn fún un. Òun ni yóò wo bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń ru. Òun náà ni yóò sì pinnu bóyá kí wọ́n sáré gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn ńlá kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá wà lẹ́nu iṣẹ́, tí ogún aláìsàn sì ti wà lọ́rùn rẹ̀ kí aboyún náà tó dé, ewu ti wọlé kí ẹnikẹ́ni tó ṣe àṣìṣe kankan.

Kì í ṣe àsọdùn ni èyí. Ní ọdún 2014, àwọn ọ̀mọ̀wé tí Linda Aiken ti Amẹ́ríkà jẹ́ aṣáájú wọn gbé ìwádìí kan jáde láti orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án ní Yúróòpù, lórí àwọn aláìsàn tí ó lé ní 420,000 tí a ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Wọ́n rí i pé bí a bá fi aláìsàn kan kún iye tí nọ́ọ̀sì kan ń tọ́jú, ewu pé aláìsàn yóò kú láàárín 30 ọjọ́ a máa fi ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Aláìsàn kan péré! Bí ó bá sì rí bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ àwọn ọlọ́rọ̀, kí olúkúlùkù fi ojú inú wo ibi tí nọ́ọ̀sì ti ń fi àtùpà ọwọ́ wá iṣan aláìsàn.

Ilé-ìwòsàn ńlá tí ó wà ní Tàmàlé ni a ṣí ní ọdún 1974, tí ó sì di ilé-ìwòsàn ìkọ́ni ní ọdún 2008. Láti gbogbo apá àríwá Gánà ni wọ́n ti ń gbé àwọn tí àìsàn wọn le wá síbẹ̀. Nítorí náà, bí nọ́ọ̀sì kò bá tó ní àwọn ilé kéékèèké, ẹrù wọn a wó lé ilé ńlá náà lórí, àwọn tí ó wà níbẹ̀ náà a sì máa wá olùrànlọ́wọ́ kiri.

Níbo wá ni a ti ń rí olùrànlọ́wọ́? Àwọn kan a lọ bá ilé-iṣẹ́ tí ń yá òṣìṣẹ́ fún ni: ilé-ìwòsàn a san owó fún ilé-iṣẹ́ náà, òun a yọ tirẹ̀, a sì fún nọ́ọ̀sì ní ìyókù. Àwọn mìíràn a pe nọ́ọ̀sì tí ó ti ṣe iṣẹ́ ìjọba láti àárọ̀ kí ó tún wá ṣọ́ òru fún wọn. Ohun tí ó yani lẹ́nu jù ni pé àwọn tí kò ní iṣẹ́ rárá wà nítòsí. Ní àwọn ọdún tí ó kọjá yìí, bí wọ́ọ̀dù ti ń ṣófo ní Gánà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ tí ó ti jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì jókòó sílé, tí wọ́n ń retí kí ìjọba rí owó tí yóò fi gbà wọ́n. Ní oṣù keje ọdún 2020, nọ́ọ̀sì 95 kúrò ní Gánà lọ sí Barbados lábẹ́ àdéhùn ìjọba méjèèjì. Ìyá kì í ta wàrà ọyàn rẹ̀ nígbà tí ọmọ rẹ̀ ń sunkún. Ṣùgbọ́n bí ìyá kò bá ní owó tí yóò fi jẹun, kí ni yóò ṣe? Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí á bú àwọn ọmọ tí ó lọ.

Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí ìlànà kan ní ọdún 2010 pé kí àwọn ilẹ̀ ọlọ́rọ̀ má ṣe máa fa òṣìṣẹ́ ìlera kúrò ní ilẹ̀ tí tirẹ̀ kò tó. Ní ọdún 2023, àjọ náà ka orílẹ̀-èdè 55 tí ọ̀ràn náà le fún jù. Gánà wà níbẹ̀, Nàìjíríà náà wà níbẹ̀. Ìlànà náà kò ní pàṣán lọ́wọ́. Ní oṣù kejì ọdún 2024, àjọ tí ń ṣàkóso àwọn nọ́ọ̀sì ní Nàìjíríà gbìyànjú tirẹ̀: ó ní kí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì lẹ́yìn tí ó gba ìwé àṣẹ kí òun tó bá a jẹ́rìí fún ilẹ̀ òkèèrè. Àwọn nọ́ọ̀sì fi ẹ̀hónú hàn, wọn kò sì jẹ̀bi pátápátá, nítorí pé dídí ẹnu ọ̀nà kò sọ owó oṣù di púpọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí Gumani. Ẹni tí ó ń ṣàkóso ilé-ìwòsàn kan níbẹ̀, tí nọ́ọ̀sì mẹ́ta ti fi í sílẹ̀ ní oṣù kan náà, kò lè dúró de àjọ àgbáyé. Ó gbọ́dọ̀ yan olùrànlọ́wọ́, ó sì gbọ́dọ̀ yàn án dáradára. Àwọn àgbà ní ẹ̀wù àgbàbọ̀ kò yẹ ọmọ ènìyàn. Bí kò bá fún ni lọ́rùn, a ṣò ní apá. Ẹ̀wù àgbàbọ̀ ni nọ́ọ̀sì àyálò. Kí á wọ̀ ọ́ bí òtútù bá mú wa, ṣùgbọ́n kí á kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun àkọ́kọ́ ni ìwé àṣẹ. Kí ilé-ìwòsàn má ṣe gba ọ̀rọ̀ ẹnu ilé-iṣẹ́ tí ń yáni lénìyàn gbọ́. Kí òun fúnra rẹ̀ béèrè lọ́wọ́ àjọ àwọn nọ́ọ̀sì bóyá orúkọ ẹni náà wà nínú ìwé, bóyá kò sì tí ì kọjá àkókò. Lẹ́yìn èyí ni èdè, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi ojú fo. Dagbani ni èdè ìlú Tàmàlé. Nọ́ọ̀sì tí ó gbọ́ Twi àti Gẹ̀ẹ́sì nìkan lè mọ iṣẹ́ rẹ̀ dé góńgó, síbẹ̀ kí ìyá àgbà kan máa sọ ibi tí ó ń dùn ún fún un kí ó má yé e. Bí a kò bá rí ẹni tí ó gbọ́ èdè, kí a fi ẹni tí ó gbọ́ ọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ní òru pàápàá.

Kí a tún béèrè wákàtí mélòó ni ẹni tí ń bọ̀ yìí ti ṣiṣẹ́ kí ó tó dé. Nọ́ọ̀sì tí ó ti dúró láti àárọ̀ ní ibòmíràn kì í ṣe ìrànlọ́wọ́. Oorun ni ó gbé wá. Bákan náà ni kí ó wà nínú ìwé àdéhùn pé ilé-iṣẹ́ náà yóò sọ iye tí ó ń san fún nọ́ọ̀sì gan-an. Bí ẹni àyálò bá ń gba ìlọ́po méjì owó ẹni tí ó wà nílé, kò ní pẹ́ tí ti ilé náà yóò fi kọ̀wé kúrò, tí yóò sì gba ọ̀nà ẹ̀yìn padà wá gẹ́gẹ́ bí àyálò. Ohun tí ojú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí nìyí, tí wọ́n fi òté lé owó àwọn àyálò ní oṣù kọkànlá ọdún 2015. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí owó ná kí ó tó kọ́gbọ́n; Gumani kò rí.

Ohun kan tún wà tí ó ju gbogbo èyí lọ: ọjọ́ wo ni ìrànlọ́wọ́ náà yóò parí? Ní Ìbàdàn, nígbà tí a ṣí ilé-ìwòsàn UCH ní ọdún 1957, àwọn òyìnbó ni ó wà ní ipò ńlá láàárín àwọn nọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ti ń ṣiṣẹ́ kí ilé-ìwòsàn náà tó ṣí, àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí sì ń gun àkàbà ní ìpele-ìpele. Kòfowórọlá Àbẹ̀ní Pratt, tí ó kọ́ iṣẹ́ ní St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù, di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ mátírọ́ọ̀nù àgbà níbẹ̀ ní ọdún 1964. Ọdún méje péré! Àwọn tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn ti wà nílẹ̀ kí àlejò tó gbé àpótí rẹ̀.

Níbi tí a kò bá ti ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀, àwọn àgbà tí ó ti gbé Tàmàlé mọ ohun tí í ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn Yorùbá di ẹrù wọn, wọ́n fi ilé àti gbèsè sílẹ̀, ọjà tí wọ́n ń tà sì dákẹ́ lójijì. Ìrora tiwọn ni a sábà máa ń sọ, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ń rajà lọ́wọ́ wọn náà jìyà. Ọjà lè dákẹ́ fún oṣù mẹ́ta kí ó sì tún jí. Wọ́ọ̀dù àwọn aboyún kò lè dákẹ́ fún alẹ́ kan.

Nítorí náà, kí ìwé àdéhùn kọ oṣù tí ó máa parí, kí ó sì kọ ọ́ pé ní gbogbo àkókò náà, ilé-ìwòsàn yóò máa gba ọmọ ìlú tí ó ti jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ tí kò sì rí iṣẹ́, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, tí ẹni àyálò yóò sì máa fi ojú ọ̀nà hàn wọ́n. Apá kan wà nínú rẹ̀ tí kò dúró de ìjọba. Ní Navrongo, ní apá àríwá Gánà kan náà, láti ọdún 1994, àwọn ará abúlé fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ilé fún nọ́ọ̀sì láti máa gbé àárín wọn, ètò náà sì tàn ká gbogbo Gánà lẹ́yìn náà. Yàrá kan tí kò jìnnà sí ilé-ìwòsàn, tí omi wà níbẹ̀, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ṣe é tì, ni ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì tí a rán lọ sí ọ̀nà jíjìn kọ́kọ́ ń béèrè, kí wọ́n tó béèrè owó.