Ta Ni Yóò Sanwó Ohun Tó Tẹ̀lé Ìpè?
Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba lórí owó ìrànwọ́ àti nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì ní agbègbè Ọ̀jọ́

 

Ọ̀rọ̀ mi kò gùn. Dídá nọ́ńbà ìpè sílẹ̀ fún àwọn tí ọ̀daràn ṣe ní jàǹbá kọ́ ló ń gba owó jù. Ohun tó gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbé ìpè náà ló ń náni lówó, pàápàá bí ẹni tó pè bá ń gbé létí omi. Owó ìrànwọ́ kì í sábà dé ibẹ̀, àfi bí a bá fi tiwa sí i.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó wà nílẹ̀. Láti ọdún 2007 ni Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní òfin tó gbógun ti ìwà ipá nínú ilé. Ní 2013, Mirabel Centre bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú ọgbà LASUTH, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ yunifásítì ìpínlẹ̀ náà, ní Ìkẹjà. Òun ni ibùdó àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, níbi tí ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ ti ń rí ìtọ́jú àti ìmọ̀ràn gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 2014, ìjọba Èkó gbé ikọ̀ DSVRT kalẹ̀ láti gbógun ti ìwà ipá nínú ilé àti ìfipábánilòpọ̀, òfin ọdún 2021 sì sọ ọ́ di àjọ tí à ń pè ní DSVA. Nọ́ńbà ọ̀fẹ́ wọn ni 08000 333 333. Nọ́ńbà 112 àti 767 wà fún pàjáwìrì gbogbo.

Nọ́ńbà wà, ó sì dára. Ṣùgbọ́n ká ní obìnrin kan tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ pè láti Irewe lálẹ́ òní ńkọ́? Wọ́ọ̀dù kan lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́ ni Irewe, àmọ́ omi ló yí i ká. Ẹni tó gbé ìpè gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè obìnrin náà, ó lè jẹ́ Ègùn, ó lè jẹ́ Ìlàjẹ. Bí Alábà tàbí Okokomáíkò ni ìpè ti wá, ó lè jẹ́ Ìgbò tàbí Haúsá. Lẹ́yìn èdè, ó kan ọkọ̀ ojú omi, bẹ́ẹ̀ òfin kò gba ọkọ̀ èrò láyè láti rìn lórí omi lálẹ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí obìnrin náà sì gúnlẹ̀ sí èbúté, títì Badagry tún ń dúró dè é, kó tó dé Ìkẹjà. Bẹ́ẹ̀ aago kò dúró. Oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé. Èyí tó ń dènà oyún kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí 120, bó bá sì ṣe tètè lò ó tó ló ṣe dára tó.

Ibí yìí gan-an ni owó ìrànwọ́ ti ń ṣì wá mọ̀. Ó rọrùn kí ẹni tó jókòó sí Àbújá tàbí Brussels ka gbogbo Èkó sí ìgboro. Owó tó wà fún ìgbèríko á gba orí Ọ̀jọ́ kọjá, iṣẹ́ tó wà fún ìgboro kò sì ní dé Irewe.

Ẹ tún wo bí owó àlejò ṣe ń wá tó sì ń lọ. Ètò Justice for All, tí ìjọba Bìrìtìkó ń náwó sí, wà lára àwọn tó gbé Mirabel dìde. Ètò yẹn parí ní 2017, àwọn tó ni iṣẹ́ sì ní láti wá olùrànlọ́wọ́ mìíràn. Spotlight Initiative, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù àti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé jọ ṣe, dé Èkó ní 2019, ó sì kógbá sílé ní 2023. Ní 2025, Amẹ́ríkà ti ilẹ̀kùn USAID, àjọ tó ń bá a pín owó ìrànwọ́ fún ilẹ̀ òkèèrè, pa. N kò bá ẹnikẹ́ni jà, ẹni tó fúnni lówó lọ́jọ́ kan ṣeun. Àwọn àgbà ló sọ pé ẹ̀wù àyálò kì í yẹni: bí kò ṣoni lápá, á fún ni lọ́rùn, rẹ́gírẹ́gí lohun ẹni ń bá ni mu.

Báwo ni àwọn mìíràn ṣe ń rí tiwọn? Ní 1984, Amẹ́ríkà ṣe òfin VOCA fún àwọn tí ọ̀daràn ṣe ní jàǹbá. Owó ìtanràn tí ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ gbà lọ́wọ́ ọ̀daràn ni wọ́n ń kó sínú àpò kan, láti inú rẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ran àwọn tí wọ́n ṣe ní jàǹbá lọ́wọ́. Ọgbọ́n ńlá ni. Síbẹ̀, nígbà tí owó ìtanràn bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, owó inú àpò náà fà sẹ́yìn gan-an, wọ́n sì ní láti tún òfin ṣe ní 2021. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé kí a má fi gbogbo ẹrù lé orísun kan ṣoṣo. Àwa náà kò ṣàì mọ irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀: láti 2007 ni Èkó ti ní àpò owó ààbò, LSSTF, tí àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni ń dá owó sí, tí wọ́n fi ń ra ọkọ̀ àti ohun èlò fún ọlọ́pàá. Ẹni tí olè tàbí ìkà ti ṣe lọ́ṣẹ́ náà wà lára ọ̀rọ̀ ààbò.

Ẹ̀yin alága, ọ̀dọ̀ yín ni mo ń bọ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Mo mọ̀ pé ìpín kan ṣoṣo ni Àbújá ń kà fún Ọ̀jọ́, tí Ìbà àti Ọ̀tọ̀-Àwórì, ìjọba ìdàgbàsókè (LCDA) méjì tí Èkó yọ lára rẹ̀, náà sì ń wojú ìpín yẹn. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ìjọba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ náwó sí iṣẹ́ yìí. Ohun mẹ́ta péré ni mo ń béèrè.

Èkíní, ọkọ̀ ojú omi pàjáwìrì kan, tó ní ìwé àṣẹ láti rìn lálẹ́. Kí ó má jẹ́ ti ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ nìkan. Kí ó máa gbé aboyún tó ń rọbí, kí ó máa gbé ẹni tí ejò bù jẹ. Ní ìlú kékeré, gbogbo ojú ló ń wo ẹni tó ń lọ sí èbúté lóru. Bí ọkọ̀ bá jẹ́ ti gbogbo àìsàn, kò sẹ́ni tó máa mọ ohun tó gbé obìnrin náà jáde, owó ọkọ̀ náà á sì yẹ lójú gbogbo ará ìlú.

Èkejì, kí oògùn ìbẹ̀rẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn alábọ́dé tó súnmọ́ etí omi, pẹ̀lú nọ́ọ̀sì tó mọ bí a ṣe ń lò ó àti bí a ṣe ń pa àṣírí mọ́. Ẹni náà lè lọ gba ìyókù ìtọ́jú ní Ìkẹjà lọ́jọ́ kejì.

Ẹ̀kẹta, owó ìdúró fún àwọn ògbufọ̀, kí DSVA lè rí ẹni pè nígbàkigbà tí èdè bá di ìṣòro.

Ẹnìkan á ní gọ́tà ti dí, owó oṣù ń dúró. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú ohun mẹ́ta yìí, kò sí èyí tó nílò ilé tuntun tàbí ọ́fíìsì tuntun.

Kí a sì yí bí a ṣe ń ka iṣẹ́ padà. Iye ìpè tó wọlé ni ìwé ìjábọ̀ àwọn olówó ìrànwọ́ sábà máa ń béèrè. Èmi ní kí a máa ka iye àwọn tó rí oògùn gbà kí wákàtí 72 tó pé. Bí ìpè bá pọ̀ tí iye yìí kò sì gbéra, owó ti bọ́ sínú omi.

Ẹ̀yin kánsẹ́lọ̀, ẹ má jẹ́ kí ètò ìṣúná tó ń bọ̀ kọjá láìní ìlà kan tí wọ́n kọ orúkọ iṣẹ́ yìí sí. Ẹ̀yin ará ìlú, ẹ bi wọ́n léèrè rẹ̀ kí wọ́n tó bu ọwọ́ lù ú.