Onílé, Ayálégbé àti Ilé Wíwò

  Ọ̀rọ̀ ilé ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́, pàápàá ilé tí onílé fi ń gba owó lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ọjọ́ tí owó ilé pé kì í ṣàjèjì sí onílé. Bí ó bá wà ní Èkó, yóò tẹ̀ wá láago. Bí ó bá sì jẹ́ bàbá àgbàlagbà tí ń gbé yàrá iwájú, yóò wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà wa láàárọ̀ kí á lè mọ̀ pé oṣù ti pé. Ìbéèrè tèmi ni pé, láàárín ọjọ́ owó kan sí èkejì, ta ni ó ń wo ilé náà?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe àwàdà mọ́ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ láti alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 16 oṣù kìíní, ọdún 2024. Nígbà tí aago mẹ́jọ alẹ́ kù díẹ̀, ìró ńlá kan dún ní Bódìjà àtijọ́ ní Ìbàdàn, ilé sì mì tìtì ní àwọn àdúgbò tí ó jìnnà síbẹ̀. Gómìnà Ṣèyí Mákindé sọ pé ìwádìí àkọ́kọ́ fi hàn pé àwọn awakùsà tí kò gba àṣẹ, tí wọ́n ń gbé nínú ọ̀kan nínú àwọn ilé àdúgbò náà, ni wọ́n kó ohun abúgbàmù pamọ́ sínú rẹ̀. Ènìyàn 77 ni ó kéde pé ó fara pa, ènìyàn 2 sì ti kú. Lẹ́yìn náà iye àwọn tí ó kú di 5. Ilé àwọn tí kò mọ ohunkóhun nípa kùsà ni ó fọ́ tí ó sì wó. Bẹ́ẹ̀ ni Bódìjà kì í ṣe àdúgbò ìṣẹ́. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ayé ìjọ́un ni ó fi ètò là á sílẹ̀, ilé olódi gíga ni ó sì pọ̀ níbẹ̀. Odi gíga a máa dá olè dúró, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí aládùúgbò rí ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn bàbá wa mọ ẹni tí ń wo ilé. Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ: wolé-wolé. Ní àwọn ọdún 1920, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri jà ní Èkó, Dókítà Isaac Ládípọ̀ Olúwọlé wà lára àwọn tí ó fi ẹsẹ̀ iṣẹ́ yìí múlẹ̀. Ní Yàbá ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ náà, wọ́n sì tún ń kọ́ wọn ní Ẹlẹ́yẹlé ní Ìbàdàn. Wolé-wolé a máa wọ kakí, a máa yọ sí àgbàlá láìròtẹ́lẹ̀, a sì máa ṣí àmù wò bóyá tanwíjí wà nínú omi. Ẹni tí wọ́n bá bá tanwíjí nínú àmù rẹ̀ di ẹni tí ń lọ sí kóòtù. Àwọn ìyá wa a máa yára da omi nù bí wọ́n bá ti gbọ́ pé ó ti dé ojúlé kejì. Wọ́n bẹ̀rù rẹ̀, wọ́n sì nídìí. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó máa ń kọ adìẹ. Síbẹ̀, ẹnì kan ń wo ilé.

Wolé-wolé kò tíì parẹ́. Òfin kan tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2002 dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ tí yóò máa forúkọ wọn sílẹ̀ jákèjádò orílẹ̀-èdè. Ohun tí ó yí padà ni ewu. Àgbàlá, omi, ṣálángá àti eku ni wolé-wolé àtijọ́ kọ́ láti wò. Púpọ̀ nínú ewu tí ó dojú kọ ayálégbé lóde òní wà nínú ògiri, nínú wáyà, nínú àgbá gáàsì àti nínú ẹrù tí ayálégbé kan kó wá láàárín òru. Ẹni tí ó ni kọ́kọ́rọ́ sí irú ibẹ̀ ni onílé. Èrò tèmi ni pé iṣẹ́ ilé wíwò ti kúrò lọ́wọ́ ìjọba nìkan, ó ti di ti onílé, yálà ó fẹ́ tàbí ó kọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á mú ọ̀rọ̀ náà wá sí Ìkòyí-Ilé, ìlú Oníkòyí àti ti àwọn Ẹ̀ṣọ́, tí ó jẹ́ ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Oríire. Olùkọ́ tí wọ́n bá gbé lọ síbẹ̀ àti òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kò lè kọ́lé lóòjọ́. Yàrá ni wọn yóò gbà. Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ní irú ìlú bẹ́ẹ̀ jẹ́ ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lára. Sìmẹ́ńtì náà dùn ún wò, ṣùgbọ́n ó ń tan ni jẹ. Amọ̀ a máa fa omi láti inú ilẹ̀, sìmẹ́ńtì kì í sì í jẹ́ kí ó gbẹ bọ̀rọ̀. Òjò tí ń ṣàn láti etí páànù a máa ta sí ẹsẹ̀ ògiri, a sì máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ní ìta, ilé dúró. Nínú, amọ̀ ti ń padà di ẹrẹ̀. Kí onílé mú igi kékeré kan, kí ó fi máa lu ògiri láti ilẹ̀ dé orúnkún. Bí ó bá dún bí igbá òfìfo, sìmẹ́ńtì ti yà kúrò lára amọ̀ níbẹ̀, ó sì yẹ kí ó pe birikilà.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ìwà ọmọ ènìyàn ni àwọn àgbà fi òwe yìí bá wí. Ògiri gan-an ni èmi ń bá wí lálẹ́ òní. Kì í ṣe gbogbo ẹnu tí ògiri là ni ó burú. Èyí tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun lè jẹ́ ti ìrẹ́ lásán. Èyí tí ó là ní ìdàgẹ̀rẹ̀ láti igun fèrèsé lọ sílẹ̀, tí ìka lè wọ̀, ìpìlẹ̀ ni ó sábà máa ń ṣe ẹlẹ́rìí lé lórí. Kí a fi lẹ́ẹ̀dì fa ilà sí òpin rẹ̀ méjèèjì, kí a kọ ọjọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ilà náà. Bí oṣù kan bá kọjá tí ó sì ti ré ilà kọjá, ilé ń rìn nìyẹn. Ẹ̀yin olùkọ́ ìṣirò, ẹ lè fi èyí kọ́ àwọn ọmọ yín láìná kọ́bọ̀.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà mìíràn. Láti ìgbà tí Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1990 ni ilé akẹ́kọ̀ọ́ ti ń hù bí olú ní Under G àti àyíká rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù ni ó pọ̀ nínú wọn, ògiri wọn kò sì ń dẹ́rù bani bí ti amọ̀. Iná ni kí ẹ bẹ̀rù. Ilé tí wọ́n fa wáyà rẹ̀ fún gílóòbù àti fáànù ni àwọn ọmọ ti kó sítóòfù oníná, ayọ́ọ̀nù àti fíríìjì sí. Bí ihò iná bá gbóná mọ́ni lọ́wọ́, tàbí tí gílóòbù bá ń ṣe bàìbàì nígbà tí yàrá kejì ń lọ aṣọ, wáyà ń ké nìyẹn. Mo sì ti rí ibi tí wọ́n ti fi wáyà lásán rọ́pò fíúsì. Fíúsì jó kí ilé má baà jó. Ẹni tí ó bá fi wáyà dí ààyè rẹ̀ ti yan ilé láti jó dípò rẹ̀.

Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Nítorí olè, àwọn ayálégbé a máa gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èéfín rẹ̀ ní afẹ́fẹ́ olóró kan tí kò ní òórùn tí kò sì ní àwọ̀, tí í máa pa ènìyàn lójú oorun. Kí ó jìnnà sí fèrèsé tó ẹsẹ̀ bàtà 20 ó kéré tán, kí ẹnu èéfín rẹ̀ sì kọjú sí ìta. Onílé tí kò bá fẹ́ kí wọ́n gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ó kọ́ àhámọ́ onírin fún un ní àgbàlá, nítorí òfin lásán kò lè borí ìbẹ̀rù olè. Bákan náà ni irin tí a fi dí fèrèsé: ó yẹ kí ọ̀kan ó kéré tán ní ilẹ̀kùn tí a lè ṣí láti inú. Ní ti gáàsì, ẹ fi ọṣẹ omi pa ojú ibi tí rọ́bà ti wọ orí àgbá. Bí ó bá ń hó, ó ń jò.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan lè béèrè pé, ṣé a wá ní kí onílé máa já wọ yàrá wa ni? Rárá o. Òfin ayálégbé tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2011 sọ pé kí ayálégbé jẹ́ kí onílé wo bí ilé ṣe rí, ṣùgbọ́n ní ọ̀sán, ní àkókò tí ó bójú mu, pẹ̀lú ìwé tí ó fi tó o létí. Ó yà mí lẹ́nu pé òfin náà yọ Ìkòyí sílẹ̀. Ìkòyí ti Èkó ni mo ń wí o, kì í ṣe ti Oníkòyí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdọọdún ni onílé gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹni tí ó gba ìwé àṣẹ wo ẹ̀rọ gáàsì rẹ̀, kí ó sì fún ayálégbé ní ẹ̀dà ìwé náà. Iná ńkọ́, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀kan ní ọdún 5. Àwọn ọmọ wa tí ó nílé ní Lọ́ńdọ̀nù ń pa òfin yìí mọ́ láìjanpata. Nígbà tí wọ́n bá kọ́ ilé alájà sí Ògbómọ̀ṣọ́ fún owó ilé, èwo nínú wọn ni ó ń rántí rẹ̀?

Ẹ má sì rò pé wíwò nìkan tó. Ní Ìta Fájì ní ìsàlẹ̀ Èkó, ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2019, ilé kan tí àwọn ènìyàn ń gbé, tí ilé-ẹ̀kọ́ sì wà lókè rẹ̀, wó lulẹ̀. Ìjọba ròyìn pé ènìyàn 20 ni ó kú, àwọn ọmọdé sì wà lára wọn. Ìròyìn fi hàn pé àwọn aláṣẹ ti sàmì sí ilé náà tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n wó o. Wọ́n wò ó, wọ́n rí i, wọ́n kun ún ní ọ̀dà, ọmọ sì tún gun àtẹ̀gùn lọ sí kíláàsì.

Nítorí náà ni mo fi ń tẹnu mọ́ ìwé kíkọ. Onílé yóò ní owó ilé kéré, sìmẹ́ńtì wọ́n. N kò jiyàn. Ìwé àkọsílẹ̀ kan kò wọ́n. Ní ọjọ́ tí ayálégbé bá gba kọ́kọ́rọ́, kí àwọn méjèèjì rin ilé yíká, kí wọ́n kọ ohun tí ó ti bàjẹ́ àti ọjọ́ tí wọn yóò tún un ṣe, kí wọ́n fọwọ́ sí i, kí oníkálùkù mú ẹ̀dà kan. Lẹ́yìn náà, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún: kí ìjì oṣù kẹta tó bẹ̀rẹ̀ sí ṣí páànù, àti nígbà tí òjò bá ti dáwọ́ dúró. Bí ayálégbé bá kọ̀ láti ṣí yàrá kan fún wíwò ní ẹ̀ẹ̀mejì léraléra láìsí ìdí, kí onílé kọ ìyẹn náà sílẹ̀, kí ó sì mú un lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá tí ó sún mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ kí n dúró níbẹ̀, nítorí mo rí ọwọ́ tí ẹnì kan ti nà sókè lẹ́yìn lọ́hùn-ún láti ìgbà tí mo ti dárúkọ Under G.