Ta Ni Yóò Bá Wa Tọ́jú Ajá Bí A Bá Lọ Lífù?

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa, fún àwọn òṣìṣẹ́ Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà Àkókó)

 

Ọ̀rọ̀ owó oṣù àti owó àjẹmọ́nú ni a sábà máa ń gbọ́ ní irú ìpàdé báyìí. Ọ̀rọ̀ ajá ni a gbé wá lónìí. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kí ó rín in tán, kí ó sì fetí sílẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ yìí kan àpò wa, ó kan àlàáfíà àdúgbò, ó sì kan ẹ̀mí àwọn ọmọ wa.

Lífù kì í ṣe ọrẹ àánú. Òfin Iṣẹ́ ti ọdún 1974, ní ìsọ̀rí 18, sọ pé òṣìṣẹ́ tí ó bá ti ṣiṣẹ́ oṣù 12 láìdáwọ́ dúró gbọ́dọ̀ gba ìsinmi tí a ó san owó rẹ̀, tí kò sì gbọdọ̀ dín ní ọjọ́ iṣẹ́ 6. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kí ni àǹfààní ìsinmi tí ọkàn kò bá sinmi? Ẹni tí ó wà ní Èkó lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀, tí ó ń ronú bóyá ajá òun ní Ìwàrò Ọ̀kà ti jẹun láti àná, kò tíì lọ lífù. Ara rẹ̀ nìkan ló rìnrìn àjò.

Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ bíbí Ìkàrẹ́ tàbí Ọ̀kà lè fi ajá sílẹ̀ ní agbo ilé. Ìyá wà níbẹ̀, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n wà níbẹ̀, ẹnìkan yóò ju oúnjẹ sí i. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí wọ́n gbé wá láti ibòmíràn, nọ́ọ̀sì tí ó yá yàrá méjì, akọ̀wé tí ilé rẹ̀ kò ní ọgbà, ta ni wọ́n ní? Àwọn gan-an ni wọ́n sì nílò ajá jù, nítorí òun ni ọlọ́dẹ wọn. Bí olè bá ń bọ̀ lóru, ajá ni yóò kọ́kọ́ mọ̀.

A ti wo ohun tí àwa òṣìṣẹ́ máa ń ṣe nígbà tí lífù bá dé. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀, kò sì sí èyí tí ó dára nínú wọn.

Èkíní ni pé kí á tú ajá sílẹ̀ kí ó lọ máa wá oúnjẹ fúnra rẹ̀. Ajá bẹ́ẹ̀ di ti orí ààtàn. Ọ̀pọ̀ ni àwọn tí ń gbé ajá tà fún ẹni tí yóò pa á jẹ máa ń gbé lọ. Èyí tí a kò gbé, mọ́tò lè pa á ní ọ̀nà Àkùngbá. Èyí tí ó bá padà wálé, a kò mọ irú ajá tí ó ti bá jà, a kò sì mọ ohun tí ó gbé bọ̀.

Èkejì ni pé kí á so ó mọ́lẹ̀, kí á da oúnjẹ jọ síwájú rẹ̀ kí á sì gbé omi kún bàsíà. Oúnjẹ náà yóò ti kan kí ọjọ́ kejì tó pé. Ajá yóò fi ẹsẹ̀ da omi nù, ẹ̀wọ̀n yóò lọ́ mọ́ ọn lọ́rùn, ọyẹ́ oṣù Kejìlá yóò sì gbẹ ẹ́ lọ́fun. Èyí kì í ṣe ìtọ́jú, ìyà ni. Òfin Ìwà Ọ̀daràn ilẹ̀ wa, ní ìsọ̀rí 495, ka fífi ìyà jẹ ẹran ọ̀sìn sí ẹ̀ṣẹ̀ tí a lè torí rẹ̀ lọ sẹ́wọ̀n.

Ẹ̀kẹta ni ó kan ẹgbẹ́ jù. Òun ni pé kí ọ̀gá pe méséńjà tàbí agbálẹ̀ ọ́fíìsì, kí ó ní, "Máa bá mi fún ajá lóúnjẹ títí n ó fi dé." Méséńjà kò lè kọ̀. Òun ni yóò fi owó ara rẹ̀ wọ ọ̀kadà láti Ìkàrẹ́ lọ sí Ọ̀kà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Bí ajá bá bù ú jẹ, òun ni yóò gbé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sí ọsibítù. Ẹ̀yin ará, ẹgbẹ́ tí ń bá ìjọba jà nítorí iṣẹ́ ọ̀fẹ́ kò gbọdọ̀ gbà kí ọmọ ẹgbẹ́ máa fi ọmọ ẹgbẹ́ ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á sọ̀rọ̀ dìgbòlugi, nítorí òun ni ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni dìgbòlugi ń pa lọ́dọọdún láyé, tí ó pọ̀ jù ní Éṣíà àti ní Áfíríkà wa yìí. Nínú ènìyàn 100 tí àrùn náà mú, ajá ni ó fún 99. Nínú 10 tí ajá tí a fura sí bù jẹ, 4 ni kò tíì pé ọmọ ọdún 15. Bí àmì àrùn náà bá ti hàn lára ènìyàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tí ń yè é. Síbẹ̀ ó ṣeé dènà. Ní ọjọ́ 6 oṣù Keje, ọdún 1885, ni Louis Pasteur ní ilẹ̀ Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í gún ọmọ ọdún 9 kan tí ajá bù jẹ ní abẹ́rẹ́, ọmọ náà sì yè. Ó ti ju 100 ọdún lọ tí ìdáàbòbò ti wà. Àìbìkítà ló ń pa ènìyàn lónìí.

Nítorí náà, ajá tí a tú sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì lè mú ikú wá bá ọmọ ẹni tí kò mọ̀ wá rí.

Àwọn kan yóò béèrè pé ṣé kò sí ibi tí a lè gbé ajá sí kí á san owó? Ó wà ní àwọn ìlú ńláńlá. Ní Èkó, Ìbàdàn àti Àbújá, àwọn dókítà ẹran mìíràn máa ń gba ajá sílé, wọn a sì máa ka owó lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 1963 ni òfin ti wà pé ẹni tí ó bá ń gba ajá sílé fún owó gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Ní 2018 ni wọ́n fi ìlànà tuntun rọ́pò rẹ̀ ní England. Ṣùgbọ́n láti Àkókó, owó ọkọ̀ nìkan lè ju owó ìtọ́jú lọ. Ibi tí ajá púpọ̀ bá sì pàdé, eégbọn àti àrùn lè ti ara ọ̀kan kó bá èkejì bí a kò bá gún wọn lábẹ́rẹ́ tẹ́lẹ̀.

Ọ̀nà tí ó rọ̀ wá lọ́rùn kò jìnnà. Àwọn bàbá wa ní àáró: lónìí a ó ro oko tèmi, lọ́la a ó ro tìrẹ. Ohun tí a dábàá ni pé kí á ṣe àáró ajá nínú ẹ̀ka yìí. Báyìí ni yóò ṣe máa lọ.

Àwọn tí ń gbé àdúgbò kan náà yóò kó ara wọn jọ ní mẹ́rin mẹ́rin, kí wọ́n sì rí i pé lífù wọn kò bọ́ sí àkókò kan náà. Bí ẹnìkan bá lọ lífù ọjọ́ 14, tí ajá ń jẹun lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ẹ̀ẹ̀mejìdínlọ́gbọ̀n ni yóò jẹun. Ẹnìkan gba ọjọ́ 5, ẹnìkejì gba ọjọ́ 5, ẹnìkẹta gba 4. Ọjọ́ tí a bá bá ọ tọ́jú tìrẹ ni ìwọ náà yóò san padà. Ẹni tí kò ní ajá ṣùgbọ́n tí ó bá dá sí i yóò gba owó tí a fohùn ṣọ̀kan lé lórí, ṣáájú ìrìn àjò, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Méséńjà ni o, ọ̀gá ni o, iye kan náà ni.

Ẹni tí ó ní ajá ni yóò pèsè oúnjẹ sílẹ̀, tàbí owó rẹ̀. Yóò kọ orúkọ ajá sínú ìwé, nítorí bí a kò bá pe Tanímọ̀la ní Tanímọ̀la, kò ní í dáhùn. Yóò kọ ohun tí ajá kì í jẹ. Ẹ má fún ajá ní oúnjẹ tí àlùbọ́sà pọ̀ nínú rẹ̀, ẹ má sì fún un ní eegun adìẹ tí a sè, ó ń fọ́ sí ajá nínú. Yóò fi káàdì abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Kí ó tó lọ, yóò mú olùtọ́jú dé ọ̀dọ̀ ajá ní bíi ẹ̀ẹ̀mẹta kí ajá lè mọ òórùn rẹ̀. Bí ajá bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, ẹni tí ó ni ín ni yóò san owó ìwòsàn.

Mùsùlùmí pọ̀ láàárín wa, ọ̀pọ̀ wọn kì í fẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ tí wọ́n fi ń kírun. Ẹ má fi agbára mú wọn. Ẹni tí ó bá yọ̀ǹda ara rẹ̀, kí a so ajá jìnnà sí ibi tí yóò gbé àwo sí. Ní àsìkò Kérésì, kí á ti ajá mọ́lé lálẹ́, nítorí ìró báńgà máa ń lé ajá já okùn.

Bí ajá bá bu ènìyàn jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gbéra lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró de agbo, ẹ má fi ata sí i. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ má pa ajá náà. Ẹ dè é mọ́lẹ̀ kí dókítà ẹran fi ọjọ́ 10 ṣọ́ ọ.

Ohun tí ó kù ni abẹ́rẹ́. Ìgò abẹ́rẹ́ kan wà tí ó tó ajá 10. Bí a bá ti ṣí i, kò ṣeé fi pamọ́ pẹ́. Inú òtútù ni ó sì gbọ́dọ̀ wà títí a ó fi lò ó. Ẹni tí ó bá dá ajá kan lọ lè san ju bí ó ti yẹ lọ. Bí a bá kó ajá jọ lọ́jọ́ kan, owó yóò fúyẹ́ fún olúkúlùkù. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ni Ọjọ́ Dìgbòlugi Lágbàáyé. Bí a bá gún ajá wa nígbà náà, abẹ́rẹ́ náà yóò ti lágbára nínú ẹ̀jẹ̀ wọn kí lífù oṣù Kejìlá tó dé, nítorí ajá tí a kọ́kọ́ gún ń fẹ́ nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Alága, àbá wa nìyí: kí akọ̀wé ṣí ìwé méjì, ọ̀kan fún Ìkàrẹ́, ọ̀kan fún Ọ̀kà, kí olúkúlùkù kọ orúkọ, àdúgbò àti ọjọ́ lífù rẹ̀ sí i kí a tó tú ká lónìí. Kí ẹgbẹ́ sì kọ̀wé sí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ méjèèjì, kí wọ́n rán dókítà ẹran sí wa. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.